Dúró Tì Mí

Ìyá bàbá mi kì í fi orúkọ ìsàmì mi pè mí. Dúrótìmí ni ó ń pè mí láti ọjọ́ ìkómọjáde mi títí di ọjọ́ tí ó fi ilé ayé sílẹ̀, nítorí pé ọmọ méjì ni àwọn òbí mi ti sin kí n tó dé, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ gbẹ́ kòtò ẹlẹ́ẹ̀kẹta nínú ilé. Ní ayé tiwọn, àbíkú ni wọ́n ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, orúkọ ni wọ́n sì máa ń fi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má lọ: Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé. Kí n tó pé ọmọ ọdún méjì ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi wú, tí mo ń ké tọ̀sán-tòru. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò, SS ni tèmi, ìyẹn ni pé mo jogún àìsàn ẹ̀jẹ̀ kan láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì; AS ni ti bàbá mi, AS náà sì ni ti màmá mi, ìyẹn ni pé wọ́n gbé e sára láìṣàìsàn. Àwọn òbí mi wá mọ̀ lọ́jọ́ náà ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó ti mú àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì lọ.

Fòníkú-fọ̀la-dìde ni àwọn àgbà ń pe àìsàn náà, tí àwọn òyìnbó ń pè ní sickle cell, n kò sì tíì rí orúkọ tí ó bá a mu tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí oníṣègùn kan ní Chicago, James Herrick, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1910, ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ni ó wò nínú ẹ̀rọ tí ń mú ohun kékeré tóbi, ó sì rí i pé ó tẹ̀ bíi dòjé. Àwọn tiwa kò ní ẹ̀rọ. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wò, wọ́n sì rí ẹni tí ó kú lónìí tí ó sì tún dìde lọ́la. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Tiwa kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ kí ó tó fọ́. Bí òtútù bá mú mi, bí òǹgbẹ bá gbẹ mí jù, bí ibà bá kọ lù mí, àwọn dòjé kéékèèké náà a kó jọ sí ojú ọ̀nà tóóró tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, ọ̀nà a dí, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì dé nínú egungun a bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo ti gbìyànjú láti ṣàlàyé ìrora náà fún àwọn tí mo ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Mo ní kí wọ́n rò ó pé ẹnì kan wà nínú egungun itan mi, tí ó di òòlù mú, tí ó sì ń wá ọ̀nà àbájáde.

Ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n bí mi sí ní Ìbàdàn. Ní òru ọyẹ́, tí egungun bá bẹ̀rẹ̀, Màámi a gbé omi kaná, a bu òrí sí àtẹ́lẹwọ́, a máa fi ra mí ní orúnkún, a sì máa kọ orin ìjọ lábẹ́ ohùn kí ó má baà jí àwọn ará ilé. Bàbá mi a jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn, a máa ka Sáàmù kan tẹ̀lé òmíràn. Ó ti pẹ́ kí n tó gbọ́ ìwàásù tí ó yé mi ni mo ti mọ Ọlọ́run nínú òórùn òrí àti nínú ohùn ìyá mi. Mo ń sọ èyí nítorí pé nígbà tí ìgbàgbọ́ mi bà jẹ́ lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ni mo ní láti padà sí.

Ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì tí a jogún ní ilẹ̀ Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ ìwòsàn ṣeré rárá. Ní ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn ènìyàn ń pè ní lùkúlùkú ń pa tọmọdé-tàgbà, ẹgbẹ́ àdúrà kan dìde láàrin àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní ọdún 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oyè ní Iléṣà, ogunlọ́gọ̀ aláìsàn sì rọ́ lọ síbẹ̀ kí Joseph Ayọ̀ Babalọlá lè gbàdúrà fún wọn. Irú ìtàn wọ̀nyí ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, mo sì gbà wọ́n gbọ́ títí di òní. N kò kọ̀wé láti bá ẹni tí Ọlọ́run wò sàn jà. Ẹni tí ó gbàdúrà kan náà, ní ìjókòó kan náà, tí egungun rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ni ọ̀rọ̀ mi wà fún.

Mo mọ bí ó ti rí láti jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní àkókò ẹ̀rí. Ẹnì kan a dìde, a ní orí tí ó ń fọ́ òun ti lọ. Ẹlòmíràn a ní Olúwa ti sọ ìtàn òun di ọ̀tun. Ìjọ a hó yèè. Èmi náà a pàtẹ́wọ́, inú mi a sì dùn sí wọn ní tòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá dé ilé, mo máa ń bi ara mi léèrè ohun tí wọ́n ṣe tí èmi kò ṣe. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 19, ẹnì kan tí a kà sí wòlíì wò mí lójú níwájú àwọn ènìyàn, ó ní ìgbàgbọ́ mi ni ó kéré, pé bí mo bá gba Ọlọ́run gbọ́ dénú, n kò ní máa gbé oògùn mì láràárọ̀. Kò pariwo mọ́ mi. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni ó fi sọ ọ́, ìyẹn gan-an ni ó sì jẹ́ kí ó wọ̀ mí lára.

Láti ìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọkàn mi wò bí ẹni tí ń tú àpò wá owó tí ó sọnù. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí n kò jẹ́wọ́? Ṣé ahọ́n mi nìkan ni ó ń ṣe àmín? Èéṣe tí ẹ̀rù fi ń bà mí, nígbà tí ẹni tí ó gbàgbọ́ kò gbọdọ̀ bẹ̀rù? Ìrora egungun a máa lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ènìyàn a sì tún rìn. Ìbéèrè wọ̀nyí kò lọ. Wọ́n bá mi jẹun, wọ́n bá mi sùn, wọ́n sì sọ àdúrà mi di ìdánwò tí mo ń fìdí rẹmi lójoojúmọ́.

Ní ọmọ ọdún 22, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, mo kó fólíìkì ásíìdì mi àti oògùn tí mo ń lò láti fi dènà ibà, mo dà wọ́n nù. Mo fẹ́ fi han Ọlọ́run pé mo gbàgbọ́. Mo tún gba ààwẹ̀ aláìmumi ọjọ́ mẹ́ta, èyí tí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí bíi tèmi kò gbọdọ̀ dán wò láéláé. Ibà dé, ọyẹ́ dé, egungun sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ 11 ni mo lò ní ilé ìwòsàn. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára, wọ́n fún mi ní oògùn tí ó lágbára jù fún ìrora, síbẹ̀ mo ń gbọ́ ohùn ara mi tí ń ké bí ẹni pé ẹlòmíràn ni. Nígbà tí ara rọlẹ̀ díẹ̀, ìtìjú ni ó kọ́kọ́ wọlé. Mo rò pé mo ti já Ọlọ́run kulẹ̀, mo sì tún rò pé Ọlọ́run ti já mi kulẹ̀, n kò sì mọ èyí tí ó burú jù nínú méjèèjì.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ìyá àgbà kan láti inú ìjọ wa wá sí wọ́ọ̀dù. Wọ́n ti pé ọmọ 70 ọdún nígbà náà, ọkọ̀ méjì ni wọ́n sì wọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo múra sílẹ̀ fún ìyànjú, mo ti mọ ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n máa kà. Wọ́n fa àga mọ́ ibùsùn, wọ́n di ọwọ́ mi mú ní ibi tí abẹ́rẹ́ kò sí, wọn kò sì sọ nǹkan kan. Bí mo bá kérora, wọn a ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi." Ìyẹn nìkan ni, láti ọ̀sán títí tí iná fi tàn. Nígbà tí mo wá sọ fún wọn pé ó dà bí ẹni pé n kò gbàgbọ́ mọ́, wọn kò bá mi wí. Wọ́n ní, "Kò burú. Àwa ó bá ọ gbà á gbọ́ títí ara rẹ yóò fi yá."

Ó pẹ́ kí n tó ka ìwé Jóòbù dáadáa, tí mo rí i pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́kọ́ jókòó tì í ní ilẹ̀ fún ọjọ́ méje àti òru méje láìsọ ọ̀rọ̀ kan, nítorí wọ́n rí i pé ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀ jọjọ. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu láti ṣàlàyé ìdí tí ó fi ń jìyà ni wọ́n ṣẹ̀. Mo ti pàdé irú àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì: àwọn tí ń jókòó àti àwọn tí ń ṣàlàyé. Àwọn tí ó jókòó ni ó jẹ́ kí n ṣì wà nínú ìgbàgbọ́.

Ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù nínú Kọ́ríńtì Kejì, orí 12, ni ó tú mi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sùn wòlíì yẹn. Ẹ̀gún wà nínú ara àpọ́sítélì náà, ó bẹ Olúwa ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó mú un kúrò, kò sì mú un kúrò. Ẹni tí aṣọ ara rẹ̀ wo àwọn ẹlòmíràn sàn ni èyí ṣẹlẹ̀ sí, ta ni ó máa sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó? Ìdáhùn tí ó rí gbà ni pé, "Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ: nítorí pé a sọ agbára mi di pípé nínú àìlera." Mo fẹ́ràn bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí ní èdè wa, "àìlera", ọ̀rọ̀ tí kò fi ohunkóhun pamọ́. Mo sì máa ń rántí ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ jù lọ láti fi Bíbélì sí ẹnu wa kí ó tó jáde lódindi ní ọdún 1884. Wọ́n kó Samuel Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣoògùn ní ọdún 1821. Ọdún 25 ni ó lò kí ó tó tún fi ojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1846. Lẹ́yìn tí ó ti di bíṣọ́ọ̀bù, ní ọdún 1890, àwọn òyìnbó ajíhìnrere tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí fi àbùkù kàn án lórí iṣẹ́ tí ó ti lo ẹ̀mí rẹ̀ fún, ó sì kú ní ìparí ọdún tí ó tẹ̀lé e. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ mọ ìwúwo ọ̀rọ̀ náà, "àìlera".

Mo ti padà sí oògùn mi láti ìgbà náà. Hydroxyurea náà wà lára wọn báyìí, èyí tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àwọn àgbàlagbà tí ó ní àìsàn wa ní ọdún 1998, mo sì máa ń dúpẹ́ kí n tó gbé e mì bí mo ṣe ń dúpẹ́ lórí oúnjẹ. Orí egungun itan mi òsì ti bà jẹ́, ọ̀pá ni mo fi ń rìn. Mo ti fẹ́ ọkùnrin kan tí ó jẹ́ AS, a sì pínyà nígbà tí a ṣírò rẹ̀ pé ìdajì ni ó ṣeé ṣe fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí a bá bí láti jẹ́ SS. A sunkún, a gbàdúrà, olúkúlùkù sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Àdúrà mi ti kúrú gan-an. Ní òru tí ìrora bá pọ̀, Sáàmù 88 ni mo máa ń kà, nítorí òun ni Sáàmù tí kò yí ojú padà sí ayọ̀ ní ìparí. Inú òkùnkùn ni ó parí sí, síbẹ̀ ẹni tí ó kọ ọ́ ń pe Ọlọ́run ní Ọlọ́run ìgbàlà rẹ̀ láti ẹsẹ kìíní. Bí n kò bá lè kàwé, orúkọ tí ìyá bàbá mi sọ mí ni mo máa ń sọ padà sí ọ̀run. Dúró tì mí. Ó yé mi báyìí pé ẹ̀bẹ̀ kan náà ni àwọn ọmọ-ẹ̀yìn méjì bẹ Olúwa ní ojú ọ̀nà Émáúsì nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, tí wọ́n ní kí ó bá àwọn dúró. Wọn kò tíì mọ̀ pé òun ni. Ojú wọn kò tíì là, ìgbàgbọ́ wọn ti fọ́ ní Jerúsálẹ́mù, ó sì wọlé, ó bá wọn jókòó síbẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún yìí, ìyá kan nínú ìjọ wa ránṣẹ́ pè mí ní alẹ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, SS ni. Wọ́n ti fún un ní oògùn tí dókítà kọ, wọ́n sì ti fún un ní omi púpọ̀, ó kù kí ara rọ̀ ọ́. Ìyá náà fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní ọmọ náà bi òun pé kí ló dé tí Ọlọ́run kò fi mú un kúrò, pé kí n bá òun dá a lóhùn. Mo sọ fún un pé n kò ní ìdáhùn. Mo wọlé tọ ọmọ náà lọ, mo gbé ọ̀pá mi ti ògiri, mo sì jókòó sí etí ibùsùn rẹ̀.

Ó wo ọ̀pá náà títí. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ó máa ń dun ẹ̀yin náà?"

Mo ní, "Ó máa ń dùn mí."

"Ẹ sì máa ń sunkún?"

"Mo máa ń sunkún."

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí itan mi. Ìyá rẹ̀ gbé ike òrí wá. Ọyẹ́ ń fẹ́ lójú fèrèsé, ó tó nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, mo sì ti ní i lọ́kàn pé n kò ní pẹ́ nítorí òtútù. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má tíì lọ." Mo bu òrí sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì pa á títí ó fi yọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra á ní orúnkún.