Ta Ló Ń Bá Mi Kọ̀wé?

Ẹnu mi ló kó bá mi. Nígbà tí wọ́n gbé bọ́ọ̀dù tuntun wọ kíláàsì wa, irú èyí tí èèyàn ń fìka tẹ̀ bíi fóònù ńlá, ọ̀gá ilé ìwé béèrè pé ta ló máa kọ́kọ́ fi kọ́ àwọn ọmọ, kí àwọn wá jókòó wò ó. Gbogbo tíṣà tó kù dorí kodò, wọ́n ń wo bàtà ara wọn. Èmi ni mo nawọ́. Mo tún wá fi ọ̀rọ̀ sí i: "Ọ̀gá, irú bọ́ọ̀dù yìí ti wà lọ́jà láti ọdún 1991. Kí ló wá le níbẹ̀?" Ọdún yẹn nìkan ni mo mọ̀ nípa rẹ̀ o. Bí wọ́n ṣe ń tàn án, ọmọ kíláàsì mi kan ló fi hàn mí.

Ọjọ́ pé. Ọ̀gá gbé àga sẹ́yìn kíláàsì, wọ́n ṣí ìwé sórí itan, wọ́n ṣí bíírò. Onígun mẹ́ta ni mo fẹ́ kọ́ wọn. Mo fi ìka kọ àkọlé sí òkè, ó jáde gan-an, ó ń dán. Inú mi dùn débi pé mo yíjú sí Ọ̀gá kí n lè rí ojú wọn. Bí mo ṣe máa yíjú padà, ìlà kan ti wà nídìí àkọlé náà, ó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ipa ejò. Èmi kọ́ ni mo fà á.

Mo nù ún. Mo kọ "Àròpọ̀ igun inú rẹ̀ jẹ́ dìgírì 180." Ìlà tún jáde nídìí ẹ̀. Mo wo ọmọkùnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà.

"Ìwọ, gbọ́wọ́ kúrò lára máòsì yẹn!"

"Sà, mi ò fọwọ́ kan..."

"Mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ mọ́. Lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé."

Ó lọ. Mo kọ ọ̀rọ̀ kẹta, ìlà kẹta bá a jáde.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bọ́ọ̀dù yìí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀bi wà. Kì í ṣe irú èyí tó ní bíírò tirẹ̀ tí kì í gbọ́ ti ẹlòmíràn. Ìmọ́lẹ̀ infrared, tí ojú wa kò lè rí, ló ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láti etí férémù kan dé èkejì. Ohunkóhun tó bá ti dí ìmọ́lẹ̀ yẹn lọ́nà, ìka ni bọ́ọ̀dù kà á sí. Ìgbọ̀nwọ́ o, etí aṣọ o, eṣinṣin tó bà lé e o, ìka ni gbogbo wọn.

Eṣinṣin yẹn ló wá sí mi lọ́kàn. Mo ti rí ọ̀daràn! Mo ká ìwé kan lọ́wọ́, mo ń yọ́ rìn níwájú àwọn ọmọ ogójì bí ọdẹ, mo fi ojú wá eṣinṣin títí, n kò rí. Mo ṣáà gbá ìwé mọ́ bọ́ọ̀dù, bóyá ó sá pamọ́. Bọ́ọ̀dù gba ìwé náà ní ìka, ó fa ọ̀dà pupa gbàgẹ̀rẹ̀ la àárín onígun mẹ́ta mi kọjá.

Òógùn ti ń wá. Mo ní n ó fara balẹ̀. Mo sún mọ́ bọ́ọ̀dù dáadáa, mo tẹ̀ síwájú kí ọwọ́ mi má bàa gbọ̀n. Ó wá burú jù ti tẹ́lẹ̀! Bí nǹkan méjì bá kan bọ́ọ̀dù yìí lẹ́ẹ̀kan náà, á rò pé èèyàn fẹ́ fẹ àwòrán lójú tàbí kó sún un kì ni. Onígun mẹ́ta mi kéré títí ó fi dà bí èèrà. Mo tún ṣe díẹ̀, ó wú títí ó fi kù igun kan ṣoṣo tó hàn.

Mo ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. "Ẹ wo igun yìí dáadáa," ni mo wí. Wọ́n wò ó. Kí ni wọ́n tún fẹ́ wò?

Fóònù Ọ̀gá dún, wọ́n bọ́ síta. Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin kan tó wà níwájú nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, káàdì yín ló ń kọ̀wé."

Mo wolẹ̀. Káàdì ìdánimọ̀ tó so kọ́ mi lọ́rùn ń fì síwá sẹ́yìn lójú bọ́ọ̀dù, fọ́tò mi ń rẹ́rìn-ín lára rẹ̀, gbogbo ibi tó bá fì dé ni ìlà ń gbà. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan dorí lé tábìlì, wọ́n ń fẹsẹ̀ lulẹ̀. Mo sọ káàdì náà sápò àyà, mo ní kí ọmọ ẹ̀bá fèrèsé padà wá jókòó.

"Sà, mo ti rí i tipẹ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ ní ẹ ò fẹ́ gbọ́ ohùn mi mọ́ sà."

Ọ̀gá wọlé padà, ẹnu gbogbo wa pa. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n fún mi ní ìwé àbọ̀ wọn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì lórí ìdúró: "Olùkọ́ yìí máa ń fa ìlà sídìí gbogbo kókó ọ̀rọ̀ kí àwọn ọmọ lè rántí. Kó jọ̀wọ́ kọ́ àwọn olùkọ́ yòókù ní ọ̀nà yìí lọ́jọ́ Jímọ̀."

Nígbà tí Jímọ̀ pé, mo so káàdì mi kọ́rùn, mo lọ.