Àyè Èrò Nínú Ìgbìmọ̀ Ọkọ̀ Ìgbèríko

Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni màmá mi máa ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ìgbèríko ni à ń gbé ní àríwá Florida, ibi ìtọ́jú náà jìnnà sí wa, iṣẹ́ mi kò sì gbà mí láyè láti máa gbé wọn lọ nígbà gbogbo. Ọkọ̀ tí ìjọba ń dá sí owó rẹ̀, èyí tí a gbọ́dọ̀ ti pè sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, ló ń gbé wọn. Àlọ kì í sábà ní wàhálà. Àbọ̀ ni ìṣòro wà. Lẹ́yìn bíi wákàtí 4 lórí ẹ̀rọ, nígbà tí ó ti rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu, ni màmá mi yóò tún jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí wọn yóò máa retí ọkọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ìgbà tí mo ń wá ibi tí mo lè gbé ẹjọ́ yìí lọ ni mo tó mọ̀ pé òfin Florida, ní orí 427, ti pèsè ìgbìmọ̀ fún irú ọ̀rọ̀ báyìí káàkiri káńtì (ìyẹn ìpín ìjọba ìbílẹ̀) 67 tó wà ní ìpínlẹ̀ náà. Ní 1989 ni wọ́n dá àjọ ìpínlẹ̀ sílẹ̀ tó ń bójú tó ìrìnnà àwọn arúgbó, àwọn tó ní ìpèníjà ara àti àwọn tí owó wọn kò ká ọkọ̀. Dọ́là 1.50 tí onímọ́tò ń san nígbà tó bá ń forúkọ ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ wà lára owó tí àjọ náà ń ná, èyí ni pé èmi pẹ̀lú ti ń dá sí i láìmọ̀.

Ìgbìmọ̀ káńtì kì í ra ọkọ̀, kì í sì í gba awakọ̀ síṣẹ́. Ìmọ̀ràn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí aráàlú ti dìbò yàn sípò ìjọba ni alága, wọ́n gbọ́dọ̀ jókòó, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta, àwọn ló sì ń yẹ iṣẹ́ olùṣètò ọkọ̀, ìyẹn àwọn tó ń ṣètò ìrìn ọkọ̀ náà, wò lọ́dọọdún, tí wọ́n tún ń gbọ́ ẹ̀sùn èrò ọkọ̀. Aṣojú àwọn àgbàlagbà wà níbẹ̀, àti ti àwọn ajagunfẹ̀yìntì, ti ètò ìlera àti ti ètò ẹ̀kọ́. Òfin tún fi àyè méjì sílẹ̀ fún aráàlú tó ń gbẹnu sọ fún èrò, ó sì sọ ní pàtó pé ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń wọ ọkọ̀ náà.

Àyè kan yìí ló ká mi lára jù. Nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé tí mo kà, iye ìrìn àti iye owó ni wọ́n ń kà jáde. Ìrìn tó dá màmá mi dúró títí alẹ́ wà lára èyí tí wọ́n kà sí àṣeyọrí, nítorí wọ́n ṣáà gbé wọn délé. Ẹni tó jókòó dúró de ọkọ̀ nìkan ló lè sọ ohun tí ìwé kò sọ, bẹ́ẹ̀ ni àyè rẹ̀ ṣófo ní káńtì wa. Ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ni ìpàdé máa ń wáyé, kò sì sí ọkọ̀ tí yóò gbé èrò wá. Ohun tí mo rò ni pé kí ìgbìmọ̀ máa lọ bá èrò ọkọ̀ níbi tí wọ́n wà, bóyá ní gbọ̀ngàn tí àwọn àgbàlagbà ti ń jẹun ọ̀sán, dípò kí wọ́n máa dúró dè wọ́n ní ọ́fíìsì.

Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo sì lọ sí ìpàdé wọn. Nígbà tí alága pe aráàlú, mo ro ẹjọ́ màmá mi. Ọmọ ìgbìmọ̀ kan tó mọ iṣẹ́ ìlera béèrè bí wọ́n ṣe ń pinnu àkókò àbọ̀. Ibẹ̀ ni ó ti hàn pé wákàtí tí ẹ̀rọ yóò dúró ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, láìka àkókò tí ojú abẹ́rẹ́ fi ń ṣẹ̀jẹ̀ kí ó tó dá. Awakọ̀ á dé, kò ní bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, á sì kọjá lọ. Ìgbìmọ̀ dámọ̀ràn pé kí ibi ìtọ́jú máa pe olùṣètò nígbà tí aláìsàn bá ti ṣe tán, olùṣètò sì gbà.

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, màmá mi ti ń délé kí oòrùn tó wọ̀. Mo gba fọ́ọ̀mù àyè tó ṣófo náà bọ̀ wálé, pẹ̀lú èrò pé èmi ni yóò kọ orúkọ sí i. Màmá mi ló gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ní èmi kọ́ ni mò ń wọ ọkọ̀.