Omi ń sáré, kí ló rù?

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo bá àwọn onímọ̀ òkun wọ ọkọ̀ ìwádìí lọ sórí Àtìláńtíìkì, mo rò pé iṣẹ́ wa kò le. Ká wọn bí omi ṣe ń yára tó, ká wọn iye náítréètì, oúnjẹ àwọn ewéko inú òkun, tó wà nínú rẹ̀, ká sọ ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú èkejì, ó parí.

Nígbà tí a dé inú Gulf Stream, ìṣàn omi ńlá tó ń sáré lẹ́bàá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ojú omi ni mo gbájú mọ́, torí ibẹ̀ ni ìṣàn náà ti yára jù. Mo ṣírò náítréètì tó ń gbé lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Mo ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ọ̀gá tó ń tọ́ mi sọ́nà bi mí pé, "Omi yìí ń sáré lóòótọ́, kí ló rù?"

Kò rù nǹkan kan. Oòrùn ń ràn dé ojú òkun, àwọn ewéko tín-tìn-tín tó wà níbẹ̀ sì ti jẹ náítréètì tán. Bí ẹ bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni eré omi ń dín kù, tí náítréètì ń pọ̀ sí i, ó sì di ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà nísàlẹ̀ kí ẹrù tó wúwo jù. Ká ní mo mú ìpíndọ́gba eré òkè dé ìsàlẹ̀, tí mo fi sọ ìpíndọ́gba náítréètì di púpọ̀, irọ́ ni ǹ bá kọ sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ìjìnlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ ṣírò tirẹ̀, kí ẹ tó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ti kábọ́ọ̀nù tó yọ́ sínú omi tún gba sùúrù ju èyí lọ. Nǹkan bíi 2,000 sí 2,300 máíkíròmólù (ìwọ̀n tí a fi ń ka èròjà tín-tìn-tín) rẹ̀ ló wà nínú kílógíráàmù omi òkun kan, èyí tí èéfín ọmọ aráyé sì fi kún un kò tó 100. Àṣìṣe kékeré pàápàá ti tó láti da ohun tí ẹ ń wá rú. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ètò gbígba omi: bí ìgò Niskin, èyí tí a fi ń bu omi láti ìsàlẹ̀ òkun, bá ti gòkè dé orí ọkọ̀, ọ́síjìn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, kí kábọ́ọ̀nù tẹ̀lé e, kí náítréètì àti fósféètì tẹ̀lé ìyẹn, kí iyọ̀ ṣìkẹyìn. Bí omi ṣe ń tán nínú ìgò ni afẹ́fẹ́ ń wọlé rọ́pò rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ni ọ̀tá ọ́síjìn àti kábọ́ọ̀nù. Ẹ ti rọ́bà dé ìdí ìgò gíláàsì, kí omi kún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kó sì ṣàn dà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kán májèlé mẹ́kúrì díẹ̀ sí i, kí àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú omi má baà yí iye kábọ́ọ̀nù padà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o.

Lóru ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí wáyà tó gbé àwọn ìgò náà ti lò tó wákàtí mẹ́rin kó tó lọ kó tó bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkun, oorun ń kùn mí, n kò rí ìhó afẹ́fẹ́ tó há sínú rọ́bà. Ìgò méjìlá la dà nù. Ọkọ̀ ti lọ, a ò lè padà. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ má sì rò pé ìrìn àjò kan ti tó. Láti 2004 ni àwọn ẹ̀rọ ti wà nínú omi lórí ìlà 26.5° àríwá Àtìláńtíìkì, tí wọ́n ń wọn ìṣàn ńlá tó ń yí omi Àtìláńtíìkì po láti òkè dé ìsàlẹ̀ lójoojúmọ́. Láàárín ọdún àkọ́kọ́ péré, ó lọ sílẹ̀ dé nǹkan bíi 4 Sverdrup, ó sì gòkè dé nǹkan bíi 35. Mílíọ̀nù mítà kúbíìkì omi láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni Sverdrup 1. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kọjá nìkan ni ọkọ̀ máa rí.

Ìdí nìyẹn tí a fi ju ẹ̀rọ Argo kan tó ń wọn náítréètì sínú omi ká tó yí padà. Ó rì lọ sísàlẹ̀, ó sì gòkè lọ́jọ́ kẹwàá. Mo ti wà nílé nígbà tí iye náítréètì láti 2,000 mítà dé ojú omi wọlé sórí kọ̀ǹpútà mi.