Excel wa mọ gbogbo ẹ̀, àkáǹtì Bàbá ò rí nǹkan kan

Ọjọ́ Tuesday kan báyìí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ọ̀sán tán, Bàbá dírẹ́bà wọlé sí ọ́fíìsì HR wa, wọ́n na fóònù wọn sí mi. "Ọ̀gá kékeré," bí wọ́n ṣe máa ń pè mí nìyẹn, èmi tí mi ò ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni, "bá mi wo mẹ́sééjì yìí, àwọn pẹ́ńṣọ̀n ló fi ránṣẹ́, àbí ojú mi ló ń ṣe mí ni?" Mo wò ó. Ojú Bàbá ò ṣe nǹkan kan. Odindi oṣù mẹ́rìnlá, kọ́bọ̀ tuntun ò wọlé sínú àkáǹtì pẹ́ńṣọ̀n wọn, ìwọ̀nba èrè tó ń gorí owó àtijọ́ nìkan ló ń rìn díẹ̀díẹ̀.

Ẹ gbọ́ nǹkan tí mo sọ fún Bàbá o. Mo ní, "Ẹ má dààmú sà, network ni."

Network kẹ̀! Èmi tí mò ń fọwọ́ ara mi tẹ payslip wọn lóṣooṣù, tí mò ń kọ "Pension 8%" síbẹ̀, tí mo sì mọ̀ dájú pé owó yẹn ò kúrò nínú àkáǹtì ilé iṣẹ́ lọ síbì kankan.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe yẹ kó rí, torí ọ̀pọ̀ wa tó ń gbowó oṣù ni ò mọ̀, èmi gan-an ò mọ̀ kí n tó bá ara mi nídìí iṣẹ́ HR. Òfin pẹ́ńṣọ̀n Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ pé ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ti ní òṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ máa yọ ó kéré tán 8% lára owó òṣìṣẹ́, basic, housing àti transport ni wọ́n ń wò tí wọ́n bá ń ṣírò ẹ̀, ilé iṣẹ́ náà á wá mú 10% látinú àpò tiẹ̀ kún un, wọ́n á sì fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ kí ọjọ́ iṣẹ́ 7 tó pé lẹ́yìn tí wọ́n bá sanwó oṣù. Tí wọ́n bá jẹ́ kó pẹ́, ìtanràn wà lórí ẹ̀, ó kéré tán 2% owó tí wọ́n jẹ, lóṣooṣù, àkáǹtì òṣìṣẹ́ yẹn ni wọ́n sì jẹ ní gbèsè ìtanràn náà. Ìyẹn yà mí lẹ́nu gan-an lọ́jọ́ tí mo kà á, mo ti rò pé ìjọba ló máa ń kó o lọ.

Ti Bàbá, basic, housing àti transport wọn pọ̀ jẹ́ ₦90,000. A ń yọ ₦7,200 lọ́wọ́ wọn, ilé iṣẹ́ yẹ kó fi ₦9,000 sí i, ₦16,200 lóṣù nìyẹn. Ẹ ṣe é lọ́nà mẹ́rìnlá, ₦226,800.

Mo tọ ọ̀gá mi lọ. Èèyàn dáadáa ni wọ́n o, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé o mọ iye tí à ń ra dísẹ́ẹ̀lì báyìí? Tá a bá san pẹ́ńṣọ̀n, owó oṣù ò ní pé, èwo lo fẹ́ kí n sọ fún MD nínú ẹ̀?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ó tó ọjọ́ mélòó kan, mo wà nínú dáńfó, kí èsì ẹ̀ tó sọ sí mi lórí, pé tí owó ò bá sí lóòótọ́, kí ló dé tá a ṣì ń yọ ₦7,200 yẹn? 10% tiwa lè má sí, ó yé mi. Ṣùgbọ́n 8% yẹn, owó Bàbá ni, a ti gbà á lọ́wọ́ wọn, a wá fi ra dísẹ́ẹ̀lì.

Gbogbo wa la mọ ìtàn Alájọ Ṣómólú, tí wọ́n ní ó gba àjọ fún ọgbọ̀n ọjọ́ láì kọ orúkọ ẹnì kan sílẹ̀, tó sì san án fún kálukú láì ṣi ẹyọ kan. Àwa rèé, a ní kọ̀ǹpútà, a ní Excel, orúkọ gbogbo èèyàn wà níbẹ̀ dórí kọ́bọ̀, a ò sì san fún ẹnì kankan. Tó bá jẹ́ alájọ ló ṣe irú ẹ̀ lọ́jà, àwọn ìyá ọlọ́jà á ti fa aṣọ ẹ̀ ya kílẹ̀ tó ṣú. Torí pé nínú ọ́fíìsì tó ní AC la ti ń ṣe é, "cash flow" lorúkọ tá a fún un. Ilé iṣẹ́ kan náà yìí, ẹ má gbàgbé, ló ní ká fọwọ́ sí ìwé ìwà ọmọlúàbí níbi iṣẹ́, tó jẹ́ pé tó o bá mú bírò ọ́fíìsì lọ sílé, query ni.

Èyí tó wá burú jù níbẹ̀, wọ́n fẹ́ du kọ́ńtíráàtì ìjọba kan. Wọn ò sì ní dá ẹ lóhùn níbẹ̀ tó ò bá ní sàtífíkéètì PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó pẹ́ńṣọ̀n, tó fi hàn pé ò ń san pẹ́ńṣọ̀n àwọn òṣìṣẹ́ ẹ, sàtífíkéètì yẹn sì máa ń kú ní December 31 lọ́dọọdún. Ká tó ṣẹ́jú, owó dé! Owó tí ò sí látọjọ́ yìí. Ọ̀gá mi pè mí, wọ́n ní kí n to orúkọ tá a máa fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kí n má kó gbogbo ẹ̀ sí i, kí n mú bí ogún. Àwa 63 la wà níbẹ̀. "Àwọn dírẹ́bà, àwọn kílínà, àwọn tó wà ní géètì, fò wọ́n."

Mo fò wọ́n. Orúkọ Bàbá wà ní row 41. Mo tẹ delete, row 42 sún sókè, ó jókòó sáyè wọn.

Oorun ọjọ́ yẹn ò dáa. Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Bàbá níbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò MD, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn, títí dórí irọ́ network yẹn. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n ń fún àkísà ọwọ́ wọn, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, omi ti tán lára ẹ̀ wọ́n ṣì ń fún un. Wọ́n wá ṣí mọ́tò, wọ́n mú láílọ́ọ̀nù dúdú kan jáde. Payslip ni. Gbogbo ẹ̀, èyí àkọ́kọ́ dé èyí ìkẹyìn, wọ́n fi pín-ìnì mú un. Wọ́n nawọ́ sí 8% yẹn.

"Ìwọ lò ń tẹ èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

Mo ti ń dúró de èébú. Bàbá gbé e sún mọ́jú, wọ́n ní, "Ó hàn dáadáa. Wọ́n á lè kà á."

Èmi ni mo bá wọn kọ lẹ́tà sí PenCom, a ṣe photocopy payslip mẹ́rìnlá yẹn mọ́ ọn, pẹ̀lú ìwé tó fi hàn pé nǹkan kan ò wọlé. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ mo kúrò níbẹ̀ ní tèmi, ìyẹn ti tó ìtàn ọjọ́ míì. Bàbá pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé owó oṣù mẹ́sàn-án ti wọlé, ó ku márùn-ún, ìtanràn ò tíì dé rárá. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, kí wọ́n má tíì sọ àwọn payslip yẹn nù o.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Èwo? Abẹ́ ìrọ̀rí mi ló wà."