Bọ́ọ̀lù Tó Tóbi Ju Garawa Lọ

Ọmọ mi obìnrin ló gbé iṣẹ́ àṣetiléwá dé: kí wọ́n wọn bọ́ọ̀lù kan, kí wọ́n ṣírò bí ara rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó àti iye àyè tó wà nínú rẹ̀. Mo ní kó jókòó, kó máa wo ọwọ́ mi. Ìṣirò yìí, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó.

Mo fa okùn yí bọ́ọ̀lù náà ká níbi tó ti sanra jù, mo tẹ́ okùn náà sórí rúlà: 66 sẹ̀ǹtímítà géérégé. Mo fi páì, ìyẹn 22/7, pín in. 21. Nọ́ńbà tó bá jáde láìsí àjẹkù, ó máa ń jọ òtítọ́ lójú mi. Mo gbé 21 yẹn sípò rédíọ̀sì, ìyẹn ìwọ̀n láti àárín bọ́ọ̀lù dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ṣe 21 × 21 × 21, mo fi páì àti 4 sọ ọ́ di púpọ̀, mo pín gbogbo ẹ̀ sí 3. Sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì 38,808!

"Kọ ọ́ sílẹ̀. Ó lé ní lítà 38."

Ọmọ ò kọ nǹkan kan. Ó wo bọ́ọ̀lù, ó wo garawa tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Dádì, lítà mélòó ni garawa yẹn ń gbà?"

"Ogún."

"Ṣé bọ́ọ̀lù yìí á wọ inú ẹ̀?"

"Á wọ̀ ọ́ dáadáa, kí ló..."

Ẹnu mi dúró síbẹ̀. Ká ní mo ti rántí Archimedes ni, onímọ̀ ìṣirò ará Gíríìkì ayé àtijọ́ tó ti fi hàn láti ohun tó lé ní 2,200 ọdún sẹ́yìn pé ìdá méjì nínú mẹ́ta agolo tó bá gba bọ́ọ̀lù wẹ́kú ni bọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀ ń jẹ́, mi ò bá ti mọ̀ pé bọ́ọ̀lù tó wọ inú garawa ò lè tóbi ju garawa lọ. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbà fún ọmọ kékeré? Mo ní ká fi omi dán an wò.

Mo pọn omi kún garawa dẹ́nu, mo gbé e sínú bàsíà ńlá, mo fi ọwọ́ kan ti bọ́ọ̀lù wọlé. Àṣé omi á máa tì í padà bíi pé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè! Ọwọ́ mi yọ̀, bọ́ọ̀lù fò sókè, ó gbá mi ní àgbọ̀n. Omi bo ìwé ọmọ.

A da omi bàsíà nù, a tún garawa pọn kún. Lọ́tẹ̀ yìí mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí orí rẹ̀ fi wọmi. Ọmọ fi igò oní-lítà kan wọn èyí tó dà sílẹ̀. Mẹ́rin kún, ìkarùn-ún kù díẹ̀ kó kún.

"Dádì, 21 yẹn, ṣé kì í ṣe pé ó gba àárín bọ́ọ̀lù kọjá dé òdìkejì?"

Dayámítà! Ìdajì rẹ̀, 10.5, ni rédíọ̀sì. Ìlọ́po méjì péré ni mo fi ṣìnà, ṣùgbọ́n nítorí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni rédíọ̀sì wọ inú ìṣirò náà, ìdáhùn mi wú ní ìlọ́po 8. 4,851 ló yẹ kó jẹ́. Ti ara bọ́ọ̀lù sàn díẹ̀: sẹ̀ǹtímítà alápá mẹ́rin 1,386 ni, 21 tí mo pè ní rédíọ̀sì ì bá sọ ọ́ di 5,544. Ìlọ́po 4 péré. Ẹ gbà mí láàyè kí n pe ìyẹn ní sísàn.

Ìyá rẹ̀ wọlé. "Ta ló da omi sílẹ̀ báyìí?"

Ọmọ gbé ìwé tó ń kán tótó sókè. "Mọ́mì, ìṣirò la ń ṣe."

Ó wo àgbọ̀n mi. "Ìṣirò wo ló ń na àgbàlagbà báyìí?"