Ẹ Má Tíì Pa Ohùn Rẹ̀ Rẹ́

Nígbà tí fóònù mi kún, mo pa àwọn ohùn tí ọ̀rẹ́ mi fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp rẹ́. Ṣebí yóò tún fi òmíràn ránṣẹ́ lọ́la. Oṣù kan lẹ́yìn náà ló kú. Ẹyọ kan péré ló ṣẹ́kù, kò tó ìṣẹ́jú kan: "Ìwọ yìí, o ti jẹun? Má parọ́ fún mi o." Ó ń rẹ́rìn-ín, ọkọ̀ ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ó pé ọdún mẹ́ta báyìí, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Tí irú ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì yín lónìí. Kí ẹbí olóògbé náà sì tètè kó ohun tó wà lórí fóònù tiẹ̀, torí WhatsApp sábà máa ń pa àkáǹtì tí wọn ò bá lò fún 120 ọjọ́ rẹ́. Ti Facebook yàtọ̀. Lọ́jọ́ ìbí ọ̀rẹ́ mi, àwọn tí ò tíì gbọ́ ń kí i pé "ẹ̀mí ẹ á ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé." Ó dun ìyàwó rẹ̀ wọra. Ẹbí lè fi ẹ̀rí ikú ránṣẹ́ kí Facebook sọ ojú ìwé náà di ti ìrántí. Kò ní máa rán ẹnikẹ́ni létí ọjọ́ ìbí náà mọ́.

Mo sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Tí ohunkóhun bá wà, ẹ pè mí." Kò pè. Ta ló ń pè? Ọ̀rẹ́ mi ò jẹ́ sọ irú ẹ̀. Òun á kàn yọ lẹ́nu ọ̀nà ni, á ká ṣòkòtò sókè, á ní, "Níbo ni ìgbálẹ̀ wà?" Ní báyìí, gbogbo Mọ́ńdè ni mo ń gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé, mi ò béèrè.

"Bàbá yín dáa gan-an" ti sú àwọn ọmọ náà. Ẹ bá wọn sọ ohun tí bàbá wọn ṣe. Mo sọ fún àgbà wọn bí bàbá rẹ̀ ṣe bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí fún ìdánwò iṣẹ́, tó sì wọ sílípáàsì mi tó ti já relé. Ọmọ náà wo ẹsẹ̀ mi.

"Kò tóbi jù fún yín ni?"

"Ó tóbi. A ki ìwé sí i níwájú."

Ó ní kí n dúró, kí n tún un sọ, òun fẹ́ pe àbúrò òun wá.