Sípíríńgì ni mo mú

Láràárọ̀, ìdí jíìpù mi á ti wolẹ̀. Ọkọ̀ 2004 ni, rọ́bà afẹ́fẹ́, ìyẹn àpò rọ́bà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, ló gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ró dípò sípíríńgì irin. Mẹkáníìkì mi da omi ọṣẹ sí ibi tí rọ́bà náà ti ká, ibẹ̀ sì ń hó yọ̀ọ̀: ó ti sán. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún un ní afẹ́fẹ́, kì í sinmi mọ́, ó ti ń gbóná jù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi sípíríńgì sí i."

Ó dùn mí, torí bí mo bá kó ẹrù Màmá láti Ìjẹ̀bú, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń gbé ìdí ọkọ̀ dọ́gba. Ṣùgbọ́n rọ́bà tó ti gbó kò ṣeé gbọ́kàn lé lójú ọ̀nà wa. Mo ra sípíríńgì méjì ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ l'Ékòó. Ó le díẹ̀ nínú gálọ́ọ̀pù, àmọ́ bí mo ṣe páàkì rẹ̀ lálẹ́ ni mo ń bá a láàárọ̀.